Nínú Ìwé Ìtàn Ọjọ́ Iwájú, Àwọn Aláìsàn Wa Ni Mo Bá Níbẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ wá òǹkọ̀wé kan tí Yorùbá dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká, ẹ fún un láàyè nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa kọ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì fún wa, ìyẹn ìtàn nípa ohun tí sáyẹ́ǹsì lè mú wá lọ́jọ́ iwájú. Mo mọ̀ pé ìròyìn òṣèlú àti ti àwọn òṣèré tíátà ló ń gba ojú ìwé yín, mo sì mọ̀ pé àwọn ló ń tà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi délẹ̀ kí ẹ tó dá a.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, níhìn-ín nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọmọbìnrin mi, tí òun náà ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, torí ó mọ̀ pé bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, ìwé ló kàn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń bi mí pé kí ni ìyá àgbà ń fi ìwé róbọ́ọ̀tì àti ti ẹ̀dá ojú ọ̀run ṣe, ṣé kì í ṣe ti àwọn ọmọdé ni? Ìdáhùn mi ni pé àwọn èèyàn tí mo tọ́jú ní wọ́ọ̀dù ló kún inú àwọn ìwé náà. Ìyá tó gbé ọmọ dání, tó ń wá ìwòsàn kiri, tí kò sì sí ohun tí kò lè ṣe: mo bá a nínú ìwé tí ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Iléṣà, mo bá irú rẹ̀ nínú èyí tó wà ní ọdún 2066, mo tún bá a nínú èyí tó wà nínú Amẹ́ríkà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Iléṣà. Ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ ni, Stay With Me, tó jáde ní 2017. Kì í ṣe ìwé sáyẹ́ǹsì rárá. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan, Yéjídé àti Akin, láyé ìjọba ológun. Yéjídé ní ṣọ́ọ̀bù ìdirun. Ó wà nílé ọkọ, kò rí oyún, àwọn ẹbí ọkọ sì mú ìyàwó kejì, Fúnmi, wá bá a nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé ọkọ nílẹ̀ yìí, ẹ mọ bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí: wọ́n á rọra wọlé, wọ́n á kí ọ, wọ́n á bi ọ́ léèrè iṣẹ́ àti ará ilé, kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá.

Ibi tó mú mi jù ni ibi tí Yéjídé ti gun òkè lọ bá wòlíì kan. Ewúrẹ́ funfun kan tí kò lábààwọ́n ló ní láti fà gun òkè náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó dé òkè, wọ́n fi aṣọ wé ewúrẹ́ náà, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì fún un lọ́mú. Ọmọbìnrin mi sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ka ìwé náà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní àsọdùn ni. Mo ní kó sọ fún wọn pé kò sí àsọdùn kankan níbẹ̀. Mo ti rí obìnrin tó wọ ilé ìwòsàn tòun ti ikùn tó ga, tó ń fọwọ́ pa á, tó ní ọmọ ń tàpá, tí ọmú rẹ̀ ń sun, tí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, tí wọn kò sì bá nǹkan kan nílé ọmọ. Orí rẹ̀ pé pérépéré. Ó ń ṣòwò, ó ń ka owó ọjà rẹ̀ láìṣì í. Ara rẹ̀ ló gba ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń sọ fún un. Irú oyún bẹ́ẹ̀ ni Yéjídé ní, inú mi sì dùn gan-an pé Adébáyọ̀ kò sọ ọ́ di wèrè, kò sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín. Ó jẹ́ kí a bá a gun òkè náà.

Nígbà tí ọmọ wá dé, ìjà mìíràn ló bẹ̀rẹ̀, torí pé fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn àjogúnbá tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ká bí dòjé, wà nínú ẹ̀jẹ̀. N kò ní í tú ìyókù fún ẹni tí kò tíì kà á. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé náà ṣe tí kò ṣe tó: ìbá dúró pẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ikú ọmọ yára nínú ìwé náà. Ní wọ́ọ̀dù, kì í yára. Ọmọ tí kò ì pé ọdún kan ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé wá, tí ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀, tí ìka rẹ̀ nípọn, tí ìyá rò pé kòkòrò ló ta á. Wíwú yẹn ni àmì àkọ́kọ́ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tó bá yá ni eegun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru. Ìyá á máa fi aṣọ gbígbóná tẹ orúnkún rẹ̀, àwa á máa wá iṣan tí a ó fi omi sí. Iṣan àwọn ọmọ yẹn kì í tètè hàn, bí ó bá sì hàn, ó lè sá mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Igo òróró àdúrà ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí. Fólíkì ásíìdì àti oògùn ibà wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìyá kan tí mo rí tó yan ọ̀kan sílẹ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, n kò sì fi ìgbà kan sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbé òróró rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdílé kan. Ní Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àìsàn náà sínú ẹ̀jẹ̀ tí kò sì ṣe é. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àìsàn náà ń ṣe gan-an. Àwọn kan rò pé ọmọ kẹrin nìkan ló kàn; rárá o, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé kan fi lè sin ọmọ mẹ́ta tẹ̀léra, tí ilé kejì tí ẹ̀jẹ̀ wọn rí bákan náà kò sì sin ẹyọ kan. Kí àwọn bàbá wa tó ní ẹ̀rọ tó ń wo ẹ̀jẹ̀, orúkọ ni wọ́n fi bẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀: Málọmọ́, Dúrósinmi, Kòkúmọ́, Rótìmí. Rótìmí yìí gan-an lorúkọ ọmọ Yéjídé kan, ibẹ̀ sì ni àkọlé ìwé náà ti wá.

Ìwé kejì ni Rosewater ti Tade Thompson, tó kọ́kọ́ jáde ní 2016. Ọmọ Yorùbá ni òǹkọ̀wé yìí. London ni wọ́n bí i sí, Nàìjíríà ló ti dàgbà, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ sì ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé náà gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ìwé àròsọ sáyẹ́ǹsì tó peregedé jù nínú àwọn tó jáde ní Britain. Nínú ìtàn náà, ẹ̀dá ńlá kan já bọ́ láti ojú sánmà sí London, ó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó sì yọrí ní Nàìjíríà. Ó fi nǹkan kan bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tó tóbi débi pé ìlú kan hù yí i ká. Ìlú ọ̀hún ni Rosewater. Odò tó gba ibẹ̀ kọjá, Yemọja ni wọ́n pè é. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni igbá náà máa ń ṣí, bó bá sì ti ṣí, aláìsàn tó bá wà nítòsí á gba ìwòsàn.

Ẹ wo ohun tí ọmọ wa yìí ṣe. Ó lè kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn iná síwájú wa bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe. Kàkà bẹ́ẹ̀, èrò ló kó wá: arọ, afọ́jú, alárùn jẹjẹrẹ, àwọn tí wọ́n ní kòkòrò HIV lára, gbogbo wọn dúró síta, wọ́n ń retí kí nǹkan ṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní ọ̀sẹ̀ àpéjọ ńlá mọ èrò yẹn. Èmi mọ̀ wọ́n dáadáa, torí pé ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbà dé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ wa náà ni wọ́n máa ń padà sí. Thompson kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àmọ́ ó fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwòsàn hàn wá. Ara àwọn kan kò padà sí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yà ara wọn tún ara rẹ̀ tò lọ́nà tí kò bójú mu. Àwọn òkú tó wà nítòsí a máa dìde láìní ọkàn nínú, wọ́n á máa rìn kiri títí wọ́n á fi tún wọn pa. Bí ìtàn sì ti ń lọ ni ìbéèrè náà ń yọ: ta ló ń wo wá sàn, kí ló sì ń gbà lára wa padà? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo aláìsàn bi dókítà, wòlíì, babaláwo àti ẹni tó ń ta àgúnmu nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn. Inú ìwé àròsọ ni mo ti rí i tí wọ́n bi í láìfi bò.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé náà tó dùn mọ́ mi gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì. Kaaro, ẹni tó ń sọ ìtàn, lè wọ inú ọkàn ẹlòmíràn lọ wo ohun tó wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé kò sì pè é ní idán. Ó ní ohun wẹ́wẹ́ kan tó fara jọ olú ti kún inú afẹ́fẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara gbogbo èèyàn, ó sì so iṣan ìmọ̀lára wọn pọ̀. Bí o kò bá fẹ́ kí wọ́n wo inú rẹ, ìpara tó ń pa irú olú bẹ́ẹ̀ ni wàá fi para, irú ìpara kan náà tí a fi ń wo làpálàpá. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà lé itan, mo rẹ́rìn-ín fún ìdùnnú. Ìpara tí mo ti fi pa orí ọmọ iléèwé àìmọye! Dókítà nìkan ló lè ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tún ní láti ara ẹ̀dá náà ni ìlú ti ń rí iná mànàmáná lò. Ẹni tó bá ti fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí rí yóò mọ̀ pé òǹkọ̀wé tó rántí ọ̀rọ̀ iná mọ ibi tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀.

N kò fẹ́ràn bí Kaaro ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa obìnrin, n kò sì rò pé ó pọn dandan. Bí orí ìwé kan bá wà ní ọdún yìí, orí tó kàn á ti padà sẹ́yìn. Mo ní láti fi bírò kọ àwọn ọdún náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí n tó rí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí n kò lè gbàgbé. Láti kékeré ni Kaaro ti ń fi ẹ̀bùn rẹ̀ jalè, torí ó máa ń mọ ibi tí èèyàn tọ́jú nǹkan sí. Lọ́jọ́ tí àṣírí tú, ìyá rẹ̀ gan-an ló ké olè lé e lórí, tí àwọn èèyàn àdúgbò fi lé e láti pa á. Gbogbo ẹ̀dá abàmì tó wà nínú ìwé náà, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ìyá yẹn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Klara and the Sun, tí Kazuo Ishiguro kọ. Nagasaki ní Japan ni wọ́n bí i sí, kékeré ló wà tí àwọn òbí rẹ̀ fi mú un dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017, ìwé yìí sì jáde ní 2021. Klara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà. Róbọ́ọ̀tì ni, wọ́n ṣe é kó lè máa bá ọmọ ṣọ̀rẹ́, oòrùn ló sì ń fún un lágbára. Nígbà tó ṣì wà lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà á, ó rí alágbe kan àti ajá rẹ̀ lódìkejì títì, wọ́n nà sílẹ̀ láìmira, ó sì gbà pé wọ́n ti kú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, oòrùn là sí wọn lára, wọ́n sì wà láàyè. Láti ọjọ́ náà ni Klara ti gbà pé agbára ìwòsàn ń bẹ lọ́wọ́ oòrùn.

Wọ́n rà á fún ọmọbìnrin kan, Josie, ara Josie kò sì yá. Nínú ayé ìwé yẹn, òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun rọ́wọ́ mú lẹ́nu ẹ̀kọ́ máa ń jẹ́ kí wọ́n tún jíìnì ọmọ náà ṣe, ìyẹn ohun tí ọmọ jogún lára òbí tó ń pinnu bí ara rẹ̀ ṣe máa rí. Ó máa ń ṣe àwọn kan léṣe, ó sì máa ń pa àwọn kan. Ìyá Josie ti ṣe é fún ọmọ rẹ̀ àgbà, Sal, Sal sì kú. Ó tún ṣe é fún Josie. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ka ibẹ̀ á bínú sí ìyá náà. Èmi kò bínú sí i. Mo ti dúró ti obìnrin tó sin ọmọ SS ní ọdún kan, tó tún wá pẹ̀lú oyún ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó mọ iye ìdá tó wà nínú ewu náà ju èmi lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì kan máa ń bi irú wọn pé kí ló dé tí wọ́n tún gbà á. Èmi kì í bi wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n jókòó.

Klara rí i pé ẹ̀gbẹ́ abà kan lójú pápá ni oòrùn máa ń wọ̀ sí, ó sì gbà pé ibẹ̀ ni oòrùn ti máa ń sinmi lálẹ́. Ó gba àárín koríko gíga lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́jú, kò rọrùn fún ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, Rick, ọmọkùnrin aládùúgbò, ló pọ̀n ọ́n dé ibi kan. Ó wọ inú abà náà, ó sì bá oòrùn sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè. Ó bẹ̀ ẹ́ kó wo Josie sàn. Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun wá lọ́wọ́ òfo, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á ba ẹ̀rọ kan jẹ́ ní ìgboro, ẹ̀rọ tó ń tú èéfín dúdú bo ojú oòrùn. Nígbà tí àsìkò àtisan ẹ̀jẹ́ náà tó, omi kan tó wà nínú orí Klara fúnra rẹ̀ ni wọ́n fà jáde láti fi ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ó gbà, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ó lè ṣàkóbá fún ìrònú òun.

Lórí fóònù, èmi àti ọmọbìnrin mi ṣe àríyànjiyàn títí owó fóònù fi tán. Ó ní ẹ̀rọ ni Klara, ohun tí kò yé e ló sọ di ọlọ́run. Mo ní ó rí ohun tó rí, ó gbà á gbọ́ tọkàntara, ó sì fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú orí ara rẹ̀ nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn abiyamọ tí mo mọ̀, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn. Ọmọ mi kò gbà fún mi, n kò sì gbà fún un, ìwé tó bá lè fa irú ìyẹn láàárín ìyá àti ọmọ tó jìnnà síra wọn tó Iléṣà sí Leeds, ìwé gidi ni.

Apá kan tún wà tí ìyá Josie ti ní kí ọkùnrin kan ṣe ẹ̀rọ tó jọ ọmọ náà gẹ́lẹ́, pé bí Josie bá kú, kí Klara wọ inú rẹ̀, kó máa jẹ́ Josie lọ. Ó ba ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́rù. Ère ìbejì ni ó mú wá sí ọkàn mi. Nílẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á, á máa wọ̀ ọ́ láṣọ, á fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu nígbà tí èyí tó wà láàyè bá ń jẹun. Nínú ilé ọnà òyìnbó ni ọ̀pọ̀ àwọn ère wọ̀nyẹn wà lónìí, ojú wọn ti parẹ́ nítorí wíwẹ̀. Ohun tí Ishiguro ń bi léèrè nínú ìwé róbọ́ọ̀tì, àwọn ìyá wa ti gbé e lọ́wọ́ rí. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó ń fi Yorùbá bi í nínú ìtàn tuntun?

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ọ̀rọ̀ títún jíìnì ṣe kì í ṣe ti inú ìwé mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Britain fọwọ́ sí ìtọ́jú kan fún fòníkú-fọ̀ladìde tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ọ̀nà títún jíìnì ṣe tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier, gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2020 ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á gba irúgbìn ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà jáde, ìyẹn èyí tó máa ń wà nínú mùdùnmúdùn eegun, wọ́n á tún jíìnì rẹ̀ ṣe níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi oògùn líle pa èyí tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, wọ́n á wá dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà sí i lára. Ohun tí wọ́n tún ṣe níbẹ̀ ló wú mi lórí jù. Gbogbo ọmọ inú oyún ló ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tó ń lò nínú ikùn ìyá, ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í sì í ká bí dòjé. Ìdí nìyẹn tí ọmọ SS fi máa ń dán, tí ara rẹ̀ máa ń le ní oṣù bíi mélòó kan àkọ́kọ́, kí ẹ̀jẹ̀ àgbà tó gba ipò. Ìtọ́jú yìí ń jẹ́ kí ara padà máa ṣe ẹ̀jẹ̀ inú oyún yẹn. Victoria Gray, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan láti Mississippi, ló kọ́kọ́ gbà á nínú àwọn aláìsàn SS ní Amẹ́ríkà, ní 2019, ó sì ti sọ ní gbangba bí ayé rẹ̀ ṣe yí padà. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní 2023 ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ wa ló ní àwọn ọmọ SS jù lọ ní gbogbo ayé. Oògùn wọn ti wà, ó sì wà níbi tí ọwọ́ wọn kò tó. Ìtàn wo ló ṣì kù tí a ń wá? Ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé yín mú obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ní ọdún 2050 ká sọ pé. Ọmọ méjì ló ní, SS ni àwọn méjèèjì. Ilé ìwòsàn kan ti ń ṣe ìtọ́jú náà, ààyè kan ṣoṣo ló sì yọ fún un. Kí ni yóò sọ fún èyí àgbà? Kí ni bàbá àwọn ọmọ yóò ṣe, ẹni tó ti ní òun kò gbà pé òun náà jẹ́ AS? Pásítọ̀ wọn ń kọ́? Bí wọ́n bá sì ti wo ọmọ kan sàn, ṣé wọn kò ní í bi ìyá náà bóyá ó tún fẹ́ kí ọmọ yìí ga sí i, kó gbọ́n sí i, nígbà tí wọ́n ti ṣí ibẹ̀? Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn létí mi. Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má sọ fún mi pé ìwé ìròyìn kì í ṣe ibi ìtàn. Ní 1929 ni I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ń kọ sí i láti orí ibùsùn àìsàn, tó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ fún gbogbo Èkó. Ó ń jáde títí wọ 1930, àwọn òǹkàwé kan sì gbà pé èèyàn gidi ni. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó jẹ́ ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní Yorùbá: obìnrin aláìsàn, tó ń kọ lẹ́tà sí olóòtú. Ẹ wo ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Fágúnwà sì dé ní 1938 pẹ̀lú igbó irúnmalẹ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó sọ pé àwọn ẹ̀dá rẹ̀ ṣàjèjì jù fún àgbàlagbà.

Ọmọ wa tó wà níléèwé lè ka Thompson àti Adébáyọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ, tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ìwé ìròyìn yín ló ń kà. Ó ń kà á lẹ́nu ìsọ̀, ó ń kà á fún aládùúgbò rẹ̀ sétí. Àwọn ìlérí ìwòsàn tí wọ́n ń bọ̀ wá bá a láti ọ̀dọ̀ dókítà àti láti ọ̀dọ̀ àwọn oníjìbìtì yóò pọ̀ gan-an ní ọdún tó ń bọ̀ wọ̀nyí, mo sì fẹ́ kó ti bá èèyàn inú ìtàn kan rò ó pọ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Bí ẹ bá gbà, ọ̀nà wà tí mo lè gbà ràn yín lọ́wọ́. Kí òǹkọ̀wé náà máa fi ohunkóhun tó bá kan ẹ̀jẹ̀, oògùn, abẹ́rẹ́ tàbí wọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. N ó kà á, n ó sì fi bírò pupa sí ibi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. N kò ní í gba kọ́bọ̀. Ọmọbìnrin mi náà ti gbà pé òun yóò máa dáhùn ìbéèrè tó bá kan bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn aláìsàn SS ní Leeds, ọjọ́ tí kì í bá ṣe iṣẹ́ alẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.